Ọmọ Ni Kí Ẹ Fi Wọn Ọkọ̀ Apẹja

 

Ní ibi ìsọmọlórúkọ kan tí a ṣe ní Rusholme láìpẹ́ yìí, nígbà tí a jẹun tán tí àwọn ìyá ń palẹ̀ mọ́, bàbá kan fi àwòrán kan hàn wá lórí fóònù rẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi funfun kan ni, tí ó ní ìdí méjì, tí ẹ́ńjìnnì méjì sì jókòó sẹ́yìn rẹ̀ bí ìbejì. Ó ní òun àti àwọn ọ̀rẹ́ òun mẹ́ta fẹ́ dá owó jọ láti ra irú rẹ̀, kí àwọn lè máa kó àwọn ọmọ lọ pẹja ní òpin ọ̀sẹ̀. Ó ní etí òkun ni àwọn yóò máa lò ó fún, ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn lè gbé e dé agbami. Lẹ́yìn náà ni ó yíjú sí mi, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni yín, ẹ̀yin ni ẹ mọ omi. Kí ni ẹ rí sí i?”

N kò dá a lóhùn tán lọ́jọ́ náà, nítorí ọ̀rọ̀ omi kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí à ń sọ pẹ̀lú egungun adìyẹ lẹ́nu. Mo ṣèlérí pé n ó kọ èrò mi sílẹ̀ fún un. Nígbà tí mo jókòó láti kọ ọ́ ni mo rí i pé kì í ṣe òun nìkan ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Ọ̀pọ̀ bàbá nínú wa, àti ìyá pẹ̀lú, ni irú èrò bẹ́ẹ̀ máa ń sọ sí lọ́kàn bí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn bá ti wọlé. Ìdí nìyí tí mo fi gbé e wá síwájú gbogbo yín.

Kókó ohun tí mo fẹ́ sọ kò gùn. Kí ẹ má ṣe tìtorí ibi tí ọkọ̀ lè dé yàn án. Ọmọ tí yóò jókòó sínú rẹ̀ ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n.

Èrò náà kò burú

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yin àwọn bàbá náà. Àwa tí a ń gbé Rusholme jìnnà sí òkun. Omi tí àwọn ọmọ wa kéékèèké mọ̀ dáadáa kò ju adágún inú Platt Fields Park lọ, níbi tí wọ́n ti ń wo pẹ́pẹ́yẹ. Bí a bá jáde sí Wilmslow Road, òórùn ẹja díndín ń ta sánsán láti inú àwọn ilé oúnjẹ, ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn ọmọ wa ni ó mọ̀ pé ẹja Titus tí ìyá wọn fi ń se ọbẹ̀ a máa wá sí etí òkun Lancashire àti Àríwá Wales ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn? Mackerel ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Ọmọ tí ó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ọ̀kan jáde láàyè, tí ó rí àwọ̀ aláwẹ́ tí ń dán lẹ́yìn rẹ̀, kò ní fi ojú kan náà wo ìkòkò ọbẹ̀ mọ́.

Ẹ tún wo ti àkókò. Bàbá tí ń ṣiṣẹ́ òru a máa wọlé nígbà tí ọmọ bá ń jáde lọ sí ilé ẹ̀kọ́, ìyá tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn a sì máa bá ọmọ ní ojú oorun. Nínú ọkọ̀ kékeré, ọmọ kò ní yàrá tí yóò sá wọ̀, bàbá náà kò sì ní ibi tí yóò sá sí. Wákàtí mẹ́rin ni ẹ ó fi jókòó ti ara yín. Ìgbà náà gan-an ni èdè wa lè wọ ọmọ lára: àjẹ̀, ìwọ̀, ìdẹ, àwọ̀n, ìgbì, ìdákọ̀ró. Ta ni ó lè fi ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kọ́ ọmọ lórí àga pálọ̀? Nítorí náà, n kò ní sọ pé kí ẹnikẹ́ni má lọ.

Irú ọkọ̀ wo ni èyí?

Ọkọ̀ onídìí méjì yìí ni àwọn tí ń tà á ń pè ní catamaran. Inú èdè Tamil ti ìhà gúúsù India ni orúkọ náà ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni igi tí a dì pọ̀. Dípò ìdí kan tí ó fẹ̀, ìdí tóóró méjì ni ó ní, àlàfo sì wà láàárín wọn tí omi àti afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá. Èyí tí wọ́n ń pè ní bay boat ní tirẹ̀ jẹ́ ọkọ̀ tí àwọn apẹja Florida, Texas àti Louisiana fẹ́ràn fún omi tí kò jìn: etí rẹ̀ kò ga, iwájú rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ kí apẹja lè dúró ju ìwọ̀, kò sì ní òrùlé púpọ̀. Ọkọ̀ tí ó wà nínú àwòrán bàbá yẹn pa àwọn méjèèjì pọ̀.

Ó ní àǹfààní, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé kò ní. Ní àkọ́kọ́, kì í yára fì. Bí ẹja bá mú ìwọ̀ tí gbogbo ọmọ sì sáré sí ẹ̀gbẹ́ kan láti wò ó, ọkọ̀ onídìí kan a tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ náà, ṣùgbọ́n onídìí méjì a dúró dáadáa. Ní èkejì, bí ó bá ń sáré lórí ìgbì kéékèèké, ìdí tóóró méjì náà a máa la omi bí ọ̀bẹ, ara èrò inú rẹ̀ a sì tù. Ní ẹ̀kẹta, ẹ́ńjìnnì méjì ni ó sábà máa ń ní. Bí ọ̀kan bá kú, èkejì lè gbé yín dé ilé. Ní ẹ̀kẹrin, omi tí kò jìn tó o, bí òkun bá sì fà lábẹ́ rẹ̀, ó lè dúró ṣánṣán lórí iyanrìn láìdùbúlẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní a kì í mọ̀ ọ́n gún, mọ̀ ọ́n tẹ̀, kí iyán ewùrà má lẹ́mọ. Ẹ́ńjìnnì méjì ni ẹ ó máa tún ṣe, epo ẹ́ńjìnnì méjì ni ẹ ó sì máa rà. Bí ọkọ̀ náà bá ń yí kọ́nà, kì í tẹ̀ sínú bí onídìí kan ti ń ṣe, nítorí náà ẹni tí kò bá di nǹkan mú a máa fẹ́ ṣubú síta. Bí ìjì ńlá bá dojú rẹ̀ dé, fífẹ̀ tí ó mú un dúró tẹ́lẹ̀ náà ni yóò mú un dúró ní ìdojúdé. Èyí tí ó tún burú ni pé kò fẹ́ ẹrù àpọ̀jù. Bí ẹ bá kó èrò àti ẹrù sí i ju bí ó ti yẹ lọ, àlàfo tí ó wà láàárín ìdí méjèèjì á rì sọ́dọ̀ omi, ìgbì á sì máa gbá abẹ́ rẹ̀ gbì-gbì-gbì títí ẹ ó fi dé èbúté.

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ ẹrù àpọ̀jù jẹ́ ọ̀rọ̀ kékeré. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ní agbègbè Pàtígì ní Ìpínlẹ̀ Kwara, ọkọ̀ kan tí ó ń kó àwọn èrò ìgbéyàwó bọ̀ ní òru dojú dé lórí odò, ènìyàn tí ó lé ní 100 sì ṣègbé. Èrò ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àwa Yorùbá kì í fẹ́ sọ fún àlejò pé àyè kò sí mọ́, ìwà ọmọlúàbí sì ni. Lórí omi, ìwà ọmọlúàbí ni kí ẹ sọ ọ́.

Òkun ibí yìí kì í ṣe òkun Florida

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Omi ni ó yẹ kí a wò kí a tó yan ọkọ̀. Láti Rusholme, etí òkun tí ó súnmọ́ wa ni ti Liverpool, Fleetwood, Morecambe Bay, àti etí òkun Àríwá Wales bíi Rhyl àti Conwy. Ní ìhà wọ̀nyí, òkun ń kún, ó sì ń fà ní ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò rí rí. Nígbà tí òṣùpá bá ràn tán tàbí tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, ìyàtọ̀ láàárín ìgbà tí omi kún àti ìgbà tí ó fà lè ju mítà 9 lọ. Ní etí òkun ìwọ̀ oòrùn Florida, níbi tí wọ́n ti ń lo irú ọkọ̀ inú àwòrán yẹn, ìyàtọ̀ náà kì í sábà ju mítà kan lọ. Ibi tí ẹ ti gbé ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀ ní òwúrọ̀ lè di iyanrìn lásán ní ọ̀sán. Bí ìṣàn omi bá sì pàdé afẹ́fẹ́ tí ń fẹ́ bọ̀ lódì sí i, ìgbì á dìde ní kúkúrú-kúkúrú, á sì dúró ṣánṣán bí ògiri.

Ẹ óò rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Morecambe Bay ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kejì ọdún 2004. Àwọn òṣìṣẹ́ tí ó wá láti China ń ṣa ìṣáwùrú lórí iyanrìn ní alẹ́, òkun sì kún yí wọn ká. Ó kéré tán, ènìyàn 21 ni ó kú. Wọn kò tilẹ̀ sí nínú ọkọ̀. Àjèjì bí tiwa ni wọ́n, ohun tí wọn yóò jẹ ni wọ́n ń wá, wọn kò sì mọ ìwà omi ibẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́ ìròyìn náà ni mo ti mọ̀ pé mímọ omi ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ kò sọ mí di ẹni tí ó mọ omi ìhín.

Òtútù tún wà níbẹ̀. Àwọn tí ń dóòlà ẹ̀mí lójú òkun kìlọ̀ pé omi tí kò bá gbóná tó ìwọ̀n 15 ní Celsius lè gba èémí lẹ́nu ènìyàn lójijì, òkun ìhín a sì máa tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ ní èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọdún. Ẹni tí ó bá ṣubú sí i á mí gúlegúle láìfẹ́, bí ẹnu rẹ̀ bá sì wà lábẹ́ omi nígbà náà, ọ̀rọ̀ á di ọ̀rọ̀ mìíràn. Ìmọ̀ràn wọn ni pé kí ó má kọ́kọ́ jìjàdù láti lúwẹ̀ẹ́. Kí ó fi ẹ̀yìn lé omi, kí ó gbé ojú sókè, kí ó sì léfòó títí èémí rẹ̀ yóò fi padà bọ̀ sípò. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín ní èyí lónìí, yálà ẹ ra ọkọ̀ tàbí ẹ kò rà á.

Àṣìṣe tèmi

Bóyá ẹ ó bi mí pé kí ni ọmọ ní í ṣe pẹ̀lú yíyan ọkọ̀. Èmi náà kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo yá ọkọ̀ kan tí etí rẹ̀ kò ga, mo sì gbé ọmọbìnrin mi tí ó jẹ́ ọmọ ọdún méje nígbà náà dání. Ojú ọjọ́ dára, òkun pa rọ́rọ́. Mo ti yẹ ẹ́ńjìnnì wò, mo ti yẹ epo wò, inú mi sì dùn sí bí etí ọkọ̀ ti rọ̀ mí lọ́rùn láti na ọwọ́ kan omi. Etí ọkọ̀ tí ó dé itan mi kò ga púpọ̀ ju orúnkún mi lọ ní tòótọ́; n kò wò ó pé ọmọ kò ní orúnkún àgbà.

Ẹja mú ìwọ̀ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti wò ó. Ní àkókò náà gan-an ni ìgbì ọkọ̀ mìíràn tí ó ti kọjá dé ọ̀dọ̀ wa, mo sì rí i tí ẹsẹ̀ ọmọ mi méjèèjì kúrò nílẹ̀. Ẹ̀wù agbẹ̀mílà rẹ̀ ni mo gbá mú lẹ́yìn. Ó jókòó, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n má jẹ́ kí ẹja òun lọ. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ mi gbọ̀n títí a fi dé èbúté. N kò lè dá ọkọ̀ lẹ́bi, n kò sì lè dá ẹni tí ó yá mi lẹ́bi. Ojú àgbà ni mo fi yan ọkọ̀ tí ọmọ yóò wọ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sọ fún ẹni tí ó bá bi mí léèrè pé kí ó mú ọmọ rẹ̀ dání bí ó bá ń lọ wo ọkọ̀. Bí etí ọkọ̀ kò bá kọjá ìbàdí ọmọ náà, ọkọ̀ yẹn kì í ṣe tiyín, ìdí méjì ni ó ní ni o, ìdí mẹ́ta ni ó ní ni o.

Ọ̀rọ̀ kékeré náà, “lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan”

Ọ̀rọ̀ tí ó dẹ́rù bà mí jù nínú ohun tí bàbá yẹn sọ ni “lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.” Ní Ẹ̀pẹ́ nígbà èwe mi, ọkọ̀ ọ̀sà ni bàbá mi ní, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì fúyẹ́. Ó mọ̀ pé àwọn Ìlàjẹ ń lọ sí òkun, ó sì mọ̀ pé ẹja òkun tóbi ju ẹja ọ̀sà lọ. N kò gbọ́ ọ rí kí ó sọ pé òun yóò gbé ọkọ̀ òun dé òkun lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Àwọn òyìnbó náà mọ òwe yìí, wọ́n sì kọ ọ́ sórí irin. Ọkọ̀ ìgbafẹ́ tí a ṣe fún títà ní Yúróòpù láti ọdún 1998 gbọ́dọ̀ ní àwo kékeré kan tí a kọ lẹ́tà sí. D jẹ́ ti omi tí ó fara sin, bí adágún àti odò, níbi tí ìgbì kò ti tó ìdajì mítà. C jẹ́ ti etí òkun, fún afẹ́fẹ́ tí kò ju ìwọ̀n 6 ti Beaufort lọ àti ìgbì tí kò ju mítà 2 lọ. B jẹ́ ti ọ̀nà jíjìn sí ilẹ̀, fún afẹ́fẹ́ tí ó dé ìwọ̀n 8 àti ìgbì tí ó dé mítà 4. A jẹ́ ti agbami gan-an. Lórí àwo náà ni ẹ ó ti rí iye ènìyàn àti ìwọ̀n ẹrù tí ọkọ̀ lè gbé. Ẹ kà á kí ẹ tó ka owó. Ọkọ̀ tí ẹnì kan gbé wọlé tààrà láti Amẹ́ríkà lè má ní àwo yìí, ìnáwó àyẹ̀wò rẹ̀ á sì bọ́ sí yín lọ́rùn.

Ṣùgbọ́n lẹ́tà náà ń sọ ohun tí ọkọ̀ lè fara dà ni, kò sọ ohun tí ọmọ lè fara dà. Ọkọ̀ lè la ìgbì mítà 2 já láìfọ́. Ọmọ ọdún mẹ́jọ lè ti máa bì ní ìdajì rẹ̀. Ọmọ tí ó bá fi wákàtí mẹ́ta bì nínú òtútù ní ọjọ́ àkọ́kọ́ kò ní gbà láti padà lọ. Ẹ ó wá ní ọkọ̀, ẹ kò ní ní ẹni tí yóò bá yín wọ̀ ọ́. Nítorí náà, bí ẹja agbami bá ń wù yín, ẹ sanwó fún ọkọ̀ tí ń kó apẹja lọ fún owó, tí ó ní ìwé ẹ̀rí ìjọba, tí ọ̀gá rẹ̀ sì mọ ibẹ̀ bí ẹní mọ àtẹ́lẹwọ́. Ẹ béèrè ìwé ẹ̀rí náà kí ẹ tó wọlé. Owó ọjọ́ bíi mélòó kan lọ́dún kò lè tó ìyàtọ̀ owó tí ẹ ó san láti ra ọkọ̀ ńlá nítorí ọjọ́ mélòó kan náà.

Ohun tí ẹ ó bi ẹni tí ń tà á

Bí ẹ bá pinnu láti rà á, tuntun tàbí tòkunbọ̀, ẹ béèrè pé: Níbo ni ọmọ yóò jókòó, kí ni yóò sì dì mú bí ọkọ̀ bá ń yí? Ṣé ibi kan wà tí ó lè sá sí kúrò lọ́wọ́ afẹ́fẹ́ àti òjò? Bí ènìyàn bá ṣubú sómi, àkàbà wo ni yóò gbà gòkè, ṣé ó sì rì sínú omi tó láti fi ẹsẹ̀ tẹ̀? Ṣé inú àgbá epo kan náà ni ẹ́ńjìnnì méjèèjì ti ń mu? Ìbéèrè tí ó gbẹ̀yìn yìí ṣe pàtàkì, nítorí bí omi bá wọ àgbá kan ṣoṣo náà, ẹ́ńjìnnì méjèèjì á kú tẹ̀léra, ẹ ó sì ti san owó ìbejì fún ohun tí ó kú bí ọ̀kan.

Ẹ má ṣe ra ọkọ̀ ní èbúté tí omi ti dákẹ́. Ẹ ní kí ó gbé e jáde ní ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ díẹ̀, pẹ̀lú iye ènìyàn tí yóò máa wọ̀ ọ́. Bí ó bá jẹ́ àlòkù, ẹ sanwó fún ayẹ̀kọ̀wò tí kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹni tí ń tà á.

Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè okùn kan. Okùn kékeré pupa ni, orí rẹ̀ kan wà lára ẹ́ńjìnnì, ìkejì á wà lára ẹni tí ń wa ọkọ̀. Bí ó bá ṣubú, okùn á fà yọ, ẹ́ńjìnnì á sì kú. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2013, ní Padstow ní Cornwall, ọkọ̀ eléré kan da ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́fà sómi. Okùn náà kò sí lára ẹni tí ń wà á. Ọkọ̀ náà ń yí po láìsí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀, ó sì padà wá sórí wọn. Bàbá kan àti ọmọbìnrin rẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́jọ kú. Okùn tí kò tó ọ̀pá kan ni ìyàtọ̀.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde

Ní ilẹ̀ yìí, òfin kò sọ pé kí ẹ gba ìwé àṣẹ kí ẹ tó wa ọkọ̀ kékeré ti ara yín lórí òkun. Òfin kò sì béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí ń fi ìwọ̀ pẹja nínú òkun fún ara rẹ̀ ní England. Ẹ̀rù tirẹ̀ nìyẹn, nítorí ẹni tí kò mọ nǹkankan lè ra ọkọ̀ lónìí kí ó sì wọ òkun lọ́la. Ẹ lọ kọ́ ẹ̀kọ́ Powerboat Level 2 ti ẹgbẹ́ RYA, tí kì í gbà ju ọjọ́ méjì lọ. Ẹ kọ́ lílo rédíò ọkọ̀, nítorí ojú òpó 16 ni a ti ń ké fún ìrànlọ́wọ́, fóònù a sì máa kú tàbí kí ó má rí nẹ́tíwọ̀kì. Bí fóònù bá ń ṣiṣẹ́, 999 ni, ẹ̀ṣọ́ etí òkun tí ń jẹ́ Coastguard ni kí ẹ sì béèrè. Àwọn RNLI, tí wọ́n ti ń dóòlà ẹ̀mí láti ọdún 1824, yóò wá. Olùyọ̀ǹda ara ẹni ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹ má sì ṣe sọ wọ́n di ẹni tí ń wá òkú kiri.

Ti ẹja náà ní òfin tirẹ̀. Ẹja bass tí kò bá gùn tó sẹ̀ǹtímítà 42, ẹ dá a padà sómi; iye tí ẹ lè mú àti oṣù tí ẹ lè mú un a máa yí padà, nítorí náà ẹ wádìí rẹ̀ lọ́dọọdún. Ẹja tí ẹ bá fi ìwọ̀ ìgbafẹ́ pa kò gbọ́dọ̀ dé orí àtẹ. Mo sọ èyí nítorí mo mọ àwọn ìyá wa: bí ẹja bá ti wọlé lẹ́ẹ̀mejì, ẹnì kan á ti máa gba ìwé oníbàárà. Bí ó bá sì jẹ́ odò tàbí adágún ni ẹ ti ń pẹja, ẹni tí ó ti pé ọmọ ọdún 13 gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀fẹ́ ni fún àwọn tí kò tíì pé 17.

Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ kan fún ara wa: ọ̀pọ̀ nínú wa tí a jẹ́ òbí kò mọ omi í wẹ̀. Ìlànà ẹ̀kọ́ England ní kí ọmọ lè lúwẹ̀ẹ́ mítà 25 kí ó tó parí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kí ni ìlànà tí ó wà fún bàbá rẹ̀? Manchester Aquatics Centre, tí wọ́n kọ́ nítorí ìdíje Commonwealth ti ọdún 2002, kò jìnnà sí wa, ojú ọ̀nà Oxford Road ni ó wà. Kí owó ọkọ̀ tó pé, ẹ jẹ́ kí ìlúwẹ̀ẹ́ ti pé.

Níkẹyìn, níbo ni ẹ ó gbé ọkọ̀ náà sí? Ilé onílà Rusholme, tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ṣí sí ojú títì, kò ní àyè fún mọ́tò méjì, áńbọ̀sìbọ́sí ọkọ̀ onídìí méjì. Òfin kò gbà kí ọkọ̀ àfàlẹ́yìn mọ́tò fẹ̀ ju mítà 2.55 lọ. Láti oṣù kejìlá ọdún 2021, ẹni tí ó ní ìwé àṣẹ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lè fa ẹrù tí ó tó kílò 3,500 láìṣe ìdánwò mìíràn, ṣùgbọ́n ẹ wò ó bóyá mọ́tò yín lè fà á. Bí èbúté ni yóò máa gbé, owó ibùsọ̀ ń bẹ, inṣọ́ránsì ń bẹ, ìtọ́jú ń bẹ. Kí ẹ̀yin mẹ́rin kọ ọ́ sílẹ̀ ní àkọ́kọ́ ẹni tí ń san kí ni, ẹni tí ó lè gbé e jáde, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ọ̀kan bá fẹ́ gba owó rẹ̀ padà. Ọ̀rẹ́ ogún ọdún ti tú ká lórí ohun tí kò tó ọkọ̀.

Ìdáhùn mi

Ìdáhùn mi fún àbúrò mi nìyí. Ní ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́, ẹ má ra ohunkóhun. Ẹ bá ọkọ̀ tí ó ní ìwé ẹ̀rí lọ, kí ẹ wo ọmọ tí ó fẹ́ràn rẹ̀ àti èyí tí kò fẹ́ràn rẹ̀. Ní ìgbà òtútù, ẹ kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́, kí ẹ kọ́ ọkọ̀ wíwà. Bí ó bá tún wù yín lẹ́yìn náà, ẹ ra ọkọ̀ kékeré tí lẹ́tà rẹ̀ jẹ́ C, tí etí rẹ̀ ga, tí ó ní ibi ìfarapamọ́, tí ẹ lè fà wálé. Bí ẹ bá rí onídìí méjì tí ó ní gbogbo èyí, tí àgbá epo rẹ̀ jẹ́ méjì, tí owó rẹ̀ kò sì fọwọ́ kan owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ, ẹ rà á. Èmi fúnra mi yóò bá yín sú ìre lórí rẹ̀. Bí onídìí kan ni agbára yín ká, ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín. Èyí tí ó wà nínú àwòrán ní tirẹ̀, tí etí rẹ̀ kò ga, ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn tí ó ni omi rẹ̀.

Kí ẹ sì rántí pé ẹ lè yí padà láti ẹnu èbúté. Bàbá tí ó bá wo ojú ọjọ́, tí ó sọ fún àwọn ọmọ pé “Ẹ jẹ́ kí a padà sílé,” kò sọ ọjọ́ náà nù. Ó ti kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ tí ó jẹ́ olórí nínú gbogbo ẹ̀kọ́ omi. Òkun kì í hó ruru kí a wà á ruru.

Bí ẹ bá lọ, ẹ ó bọ̀ láyọ̀. A kò ní fi ọmọ wa wá ẹja.